Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ìsinmi: Ẹ dá ẹyẹ òkun padà fún àwọn ọmọ Èkìtì

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìsinmi fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àgbègbè wa,

Ẹ̀yin àgbà mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún yín ni ẹ ń ṣe, ìdí sì nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ èyí tí gbogbo ènìyàn yóò bá wa kà. Lẹ́tà kìíní kò ní èsì. Èkejì, akọ̀wé ní òun ti rí i, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí ni: ẹ ní kí n pèsè ẹ̀kọ́ mẹ́ta lórí ààbò ẹranko àti ẹyẹ fún ìsinmi tó ń bọ̀, mo sì pèsè wọn lórí àwọn ẹyẹ òkun tó ń yé ẹyin, tó sì ń pamọ lórí àwọn erékùṣù tó jìnnà réré sí ilẹ̀. Ní ìpàdé yín tó kọjá, ẹ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ẹ sì fi ẹ̀kọ́ lórí ṣíṣe ọṣẹ olómi dípò wọn. Èmi àti ọṣẹ kò ní ìjà. Ohun tó dùn mí ni ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpàdé: pé Èkìtì kò ní òkun, àti pé kí ni ọmọ tó ń gbé láàárín òkè fẹ́ fi ẹyẹ òkun ṣe. Mo gbọ́ pé ẹnìkan tilẹ̀ fi kún un pé ilẹ̀ ẹ̀yẹ ni wọ́n ń pè wá, kì í ṣe ilẹ̀ ẹyẹ. Àwàdà náà dùn, èmi pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè kí n tó fẹ̀yìntì, n kò sì rí ọjọ́ kan tí àwàdà dáhùn ìbéèrè ọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ ní Èkìtì kò ní òkun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkun wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ẹ lọ dúró níwájú àwọn ìyá tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Ọjà Ọba ní Adó. Òkú Èkó ni a ń pè é, orúkọ náà sì ti sọ fún wa pé kì í ṣe inú odò Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì ni wọ́n ti pa á. Pánla wà níbẹ̀, kòtè wà níbẹ̀. Ọmọ tó fi pánla jẹ iyán lálẹ́ àná ti bá òkun dá nǹkan pọ̀, bí kò tilẹ̀ fojú rí i rí.

Irú ẹja pánla yìí wà lára ohun tí àwọn apẹja Namibia àti ti South Africa ń fi okùn ìwọ̀ gígùn pa. Okùn kan lè gùn tó ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀ á wà lára rẹ̀, ìjẹ á sì wà lẹ́nu ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí okùn náà tó rì, ẹyẹ òkun á ti rí ìjẹ, á já wálẹ̀ gbé e mì, ìwọ̀ á há a lọ́fun, okùn á sì wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ omi. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2011 ni pé, ó kéré tán, ẹyẹ 160,000 ló ń kú báyìí lọ́dọọdún káàkiri ayé. Àwọn tó pọ̀ nínú wọn ni álíbátírọ́ọ̀sì àti pẹ́tírẹ́ẹ̀lì, ẹyẹ tó jẹ́ pé ẹyin ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń yé lẹ́ẹ̀kan, tí òmíràn nínú wọn á sì fi ọdún méjì sí àárín kí ó tó tún yé òmíràn.

Bí ó bá jẹ́ pé ikú nìkan ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀bi yín ì bá kéré. Ṣùgbọ́n ní 2015, Namibia ṣòfin pé gbogbo ọkọ̀ tó bá ń fi okùn ìwọ̀ pẹja gbọ́dọ̀ ta okùn mìíràn sẹ́yìn, tí ọ̀já aláwọ̀ títàn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀ láti dẹ́rù ba ẹyẹ, kí wọ́n so irin tó wúwo mọ́ okùn ìwọ̀ kí ó tètè rì, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ sómi lóru. Láàárín ọdún mélòó kan, ikú ẹyẹ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fi ìdá 98 nínú 100 dín kù. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Walvis Bay ló ń fọwọ́ ṣe okùn adẹ́rùbẹyẹ náà, tí wọ́n ń fi í jẹun. Ẹ wò ó dáadáa, kò yàtọ̀ sí àkísà tí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ ń so mọ́ igi láti lé ẹ̀gà. Ọmọ Èkìtì wo ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro fún?

Pánla gbígbẹ tó le bí igi ńkọ́, èyí tí a ń rẹ sómi gbígbóná kí ó tó rọ̀? Norway ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, láti àwọn erékùṣù Lofoten, níbi tí wọ́n ti ń sá ẹja sórí igi nínú òtútù. Ní Røst, tó wà ní ìpẹ̀kun àwọn erékùṣù náà, ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní pọ́fíìnì. Ní 1979, tọkọtaya wọn tó ń yé ẹyin níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí wọn kò tó 300,000 mọ́. Ọmọ ẹja hẹ́ríìnì ni wọ́n fi ń bọ́ òròmọ wọn, àwọn apẹja sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa hẹ́ríìnì tán ní òpin àwọn ọdún 1960. Kódà lẹ́yìn tí ẹja náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ọdún tí ọmọ hẹ́ríìnì kò bá gba iwájú Røst kọjá, ebi ló ń pa òròmọ kú nínú ihò. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ pánla. Èmi náà jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí ọmọ mọ ẹni tí òun àti ẹ̀ jọ ń pín in.

2. Ọ̀rọ̀ iye. Lẹ́tà mi kìíní to àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò dà bí ẹni pé wọ́n kà á, ẹ jẹ́ kí n tún wọn tò. Irú ẹyẹ òkun tó wà láyé jẹ́ nǹkan bí 360, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló sì wà nínú ewu pé wọn lè parun. Àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà kó gbogbo àkọsílẹ̀ iye ẹyẹ òkun tó wà lọ́wọ́ jọ, wọ́n sì rí i pé láàárín 1950 sí 2010, iye àwọn tí wọ́n rí kà fi nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 lọ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n rí kà yìí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹyẹ òkun. Èyí ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ẹ̀kọ́ náà pé kí àwọn ọmọ jiyàn lórí rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí a lè fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sọ àti ohun tí a kò lè fi í sọ. Ìyẹn pàápàá jẹ́ ìmọ̀ ìṣirò tí a kì í rí kọ́ wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà wọ́n gan-an ló máa ń dùn mọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ pẹ́tírẹ́ẹ̀lì ló ń gbé inú ihò ilẹ̀, tí wọn kì í jáde ní ọ̀sán. Nítorí náà onímọ̀ á gbé ohùn ẹyẹ náà sórí ẹ̀rọ, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ihò, bí onílé bá wà nílé á dáhùn. Ṣé ẹ rí i pé àgò ni wọ́n ń kì? Ní erékùṣù Cochons, tó jẹ́ ti Faransé ní gúúsù Òkun Íńdíà, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí onímọ̀ kankan kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí àwọn pẹ́ńgúìnì ọba, ẹyẹ òkun tí kì í fò, pé jọ sí. Nǹkan bí tọkọtaya 500,000 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tí wọ́n wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, tí wọ́n sì fi èyí tí wọ́n yà láti inú hẹlikọ́pítà tì í, wọ́n rí i pé ní nǹkan bí 2016, ó ku 60,000. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó sunkún, torí kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ilé kún, ilé ṣófo, ìròyìn kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni fún ìran kan gbáko.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyẹ kan wà ní Midway, ní òkun Pàsífíìkì, tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní 1956. Álíbátírọ́ọ̀sì ni, Wisdom ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti yé ẹyin kí wọ́n tó fi òrùka sí i, irú rẹ̀ kì í sì í yé ẹyin kí ó tó pé nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ní òpin 2024, ó tún padà wá yé òmíràn. Ẹyẹ náà ju èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ.

3. Èkúté àti ológbò. Akọ̀wé sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ yìí ni ẹ rẹ́rìn-ín sí jù, pé àlọ́ ọmọdé ni mo kó wá. Ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ náà fún yín, kí ẹ̀yin sọ bóyá àlọ́ ni.

Erékùṣù Marion wà ní gúúsù pátápátá, nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí Cape Town. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, àwọn tó ń lọ pa sílì, ẹran òkun onírun, níbẹ̀ fi ọkọ̀ wọn gbé èkúté débẹ̀, wọn kò sì mọ̀. Nígbà tí South Africa gba erékùṣù náà láàárín òpin 1947 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1948, wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ síbẹ̀. Èkúté ń yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu, wọ́n sì kó ológbò márùn-ún wá ní 1949. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá mi gba ológbò kan lọ́wọ́ aládùúgbò nígbà tí eku ń jẹ àgbàdo wa nínú àká. Kò pé oṣù méjì tí àwọn òròmọdìyẹ wa fi ń dín kù, àwòdì ni a sì ń ṣépè fún.

Àwọn ológbò Marion rí i pé ẹyẹ tó wà nínú ihò rọrùn pa ju èkúté lọ. Àwọn márùn-ún di ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ń jẹ nǹkan bí ẹyẹ 450,000 lọ́dún. Irú pẹ́tírẹ́ẹ̀lì kékeré kan tilẹ̀ pòórá níbẹ̀. Ó gba àwọn ènìyàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá láti pa ológbò náà tán: wọ́n kọ́kọ́ tú àrùn ológbò sí wọn láàárín ní 1977, wọ́n wá fi ìbọn dọdẹ wọn lóru, wọ́n dẹ pàkúté, títí tí èyí tó kẹ́yìn fi lọ ní 1991.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wí nípa ilé tí ológbò bá ti re àjò. Ojú ọjọ́ Marion ń móoru sí i, ìgbà tí èkúté fi ń bímọ lọ́dún ń gùn sí i, wọ́n jẹ kòkòrò ilẹ̀ ibẹ̀ dé ibi tí oúnjẹ fi wọ́n wọn. Wọ́n bá yíjú sí ẹyẹ. Ní 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí òròmọ álíbátírọ́ọ̀sì tó ní ọgbẹ́. Ní 2023, wọ́n rí àgbà álíbátírọ́ọ̀sì tí èkúté jẹ pa. Ẹ fojú inú wò ó: ẹyẹ tó bá na ìyẹ́ rẹ̀, láti ṣóńṣó ọ̀tún dé ṣóńṣó òsì lè tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, tí èkúté tí kò ju àtàǹpàkò ènìyàn lọ gun ẹ̀yìn rẹ̀ lóru, tí ó sì ń jẹ ẹran ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ní sá. Kò ní jà. Orí ìtẹ́ rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ti Marion yìí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkò: láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí tí ènìyàn fi gbé èkúté débẹ̀, kò sí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kankan lórí ilẹ̀ náà tó ń pa àwọn ìyá-ńlá rẹ̀, kò sì sí ìbẹ̀rù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú álíbátírọ́ọ̀sì ńlá yìí láyé ni Marion ń gbà sílé. Wọ́n ń múra báyìí láti fi hẹlikọ́pítà fọ́n májèlé èkúté sí gbogbo ojú ilẹ̀ Marion, igun kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, torí abo èkúté kan tó lóyún tó láti bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo lọ́tun.

Ẹ má sì rò pé ó máa ń yọrí ní gbogbo ìgbà. Ní Gough, erékùṣù tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nínú Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí èkúté ti ń jẹ ẹyin àti òròmọ tó lè tó mílíọ̀nù méjì lọ́dún, wọ́n fọ́n májèlé ní 2021. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, ẹ̀rọ ayàwòrán rí èkúté kan. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní èyí pẹ̀lú, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ́ ọ̀nà tí a kì í gbà ṣubú. Ní Macquarie, tó jẹ́ ti Australia, wọ́n kó ológbò kúrò tán ní 2000, ni ehoro bá gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jẹ koríko orí òkè tán, tí ilẹ̀ ń ya lulẹ̀. Wọ́n ní láti padà lọ pa ehoro, eku àti èkúté pọ̀, kí wọ́n tó lè sọ ní 2014 pé ó tán. South Georgia, erékùṣù kan ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, náà bọ́ lọ́wọ́ eku ní 2018.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Ascension, tó wà láàárín Áfíríkà àti Brazil. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1815, ológbò sì bá wọn débẹ̀. Gbogbo irú ẹyẹ tó ń yé sí ilẹ̀ gbalasa ibẹ̀, àfi ìwọ̀nba, sá lọ sórí àpáta kékeré kan tó wà nínú omi létí erékùṣù náà. Fún nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún ni wọ́n fi há síbẹ̀. Wọ́n kéde ní 2006 pé ológbò ìgbẹ́ ti tán; àwọn tí ènìyàn ń sìn nínú ilé, wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún olówó wọn. Ní 2012, ẹyẹ firigéètì, tí irú tirẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé, padà wá yé ẹyin sórí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀.

Nígbà tí mo dán ẹ̀kọ́ yìí wò pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án lábẹ́ igi nínú ọgbà mi ní Ìkéré, ọmọkùnrin kan wo Òkè Olósùnta lókèèrè, ó ní bí oko tó yí òkè yẹn ká bá di omi, ṣé ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ní di ẹni tó há mọ́bẹ̀? Mo ní ohun tí a ń pè ní erékùṣù gan-an nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 wá béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló yẹ kí ó sanwó májèlé náà, ẹni tó gbé èkúté wá ni àbí ẹni tó gbé ológbò wá?" Wọ́n fi nǹkan bí wákàtí kan jiyàn lórí rẹ̀, òjò ló tú wọn ká. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ní kò kan ọmọ Èkìtì nìyẹn.

4. Àwọn àgbẹ̀ yóò gbọ́ èyí ju àwọn yòókù lọ. Ìgbẹ́ ẹyẹ òkun tó ti gbẹ, tó ti ga bí òkìtì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ni àjílẹ̀ tí Yúróòpù ń jà lé lórí ní àwọn ọdún 1840. Ní Ichaboe, erékùṣù kékeré kan létí Namibia, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló dúró tì í láti ha á. Inú ìgbẹ́ yẹn ni àwọn pẹ́ńgúìnì Áfíríkà ń gbẹ́ ihò sí kí oòrùn má baà pa ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n ha á dé àpáta, orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń yé sí. Ẹja sàdíìnì tí wọ́n ń jẹ náà wá wọ́n. Ní 2024, wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun, torí tọkọtaya wọn kò tó 10,000 mọ́ ní gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹta 2025, ilé-ẹjọ́ ní Pretoria fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn ọkọ̀ tó ń pa sàdíìnì àti áńṣófì má ṣe sún mọ́ mẹ́fà nínú ibùgbé wọn fún ọdún mẹ́wàá.

5. Bí ẹ bá ṣì ní ó jìnnà, Tinhosas kò jìnnà. Erékùṣù kékeré méjì ni, ní gúúsù Príncipe, nínú òkun kan náà tó ń lu etíkun Èkó. Ènìyàn kò gbé ibẹ̀. Àpapọ̀ ilẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 23 lọ, oko àwọn ọlọ́rọ̀ kan nílẹ̀ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ; síbẹ̀ ibẹ̀ ni ẹyẹ òkun pé jọ sí láti yé ẹyin jù lọ ní gbogbo agbègbè òkun wa yìí. Tẹ́ẹ̀nì, tó dúdú lẹ́yìn, tó sì funfun níkùn, ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí òròmọ rẹ̀ bá ti fò lọ, ó lè lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òfuurufú kí ó tó tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, tí gbogbo èrò rẹ̀ kò tó ti Adó àti Ìkéré àti àwọn ìlú tó yí wọn ká bí a bá kó wọn pọ̀, ti fi ibẹ̀ sábẹ́ Àdéhùn Ramsar, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo àwọn ibi olómi, láti 2006. N kò tíì rí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ wa tó dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀fìnkìn ẹyẹ ni n kò ní fi gùn, ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà ni ó ti kọ́kọ́ fara hàn ní Áfíríkà, ní Kaduna, ní 2006. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ó dé South Georgia, láàárín ẹyẹ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ilé adìyẹ.

6. Ohun tí mo ń béèrè. Ẹ dá ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú ètò ṣáájú ọjọ́ tí ìsinmi yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yọ ọṣẹ: ẹ fi í sí ọjọ́ Sátidé, èmi fúnra mi yóò ra kòsíìkì tí ẹ ó fi ṣe é. Bí ẹ kò bá lè dá mẹ́ta padà, ẹ dá ti Marion padà, mo fara mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbà kí àwọn ọmọ máa ka lékeléke. Wọ́n mọ̀ ọ́n, láti kékeré ni wọ́n ti ń na ọwọ́ sí i lójú ọ̀run pé kí ó fún wọn ní èékánná funfun. Igi tí wọ́n ń sùn sí kò pọ̀. Kí ọmọ méjì máa lọ dúró lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà nínú oṣù, kí wọ́n ka iye tó wọlé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ìwé náà sì wà ní ọ́fíìsì yín, kì í ṣe nílé olùkọ́ kan tí yóò kú tàbí tí yóò kó lọ. Kò ní ná yín ju ìwé àti bírò lọ. Lékeléke yìí kan náà, wọ́n ti rí i tó ṣìnà dé Marion.

Ẹ kọ ìdí ìpinnu yín, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn ń béèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, n kò sì lè sọ fún wọn pé nítorí pé a kò ní òkun ni.

Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì láti òní. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpò aláwọ̀ ewé tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Àwòrán álíbátírọ́ọ̀sì tí èmi àti àwọn ọmọ jọ fi páálí gé, mítà mẹ́ta ààbọ̀ láti ìyẹ́ dé ìyẹ́, ṣì wà lára ògiri pálọ̀ mi, ó sì ti dí fèrèsé kan pa. Bí ẹ kò bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìjerò ti ń béèrè rẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ,
Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè tó ti fẹ̀yìntì,
Ìkéré-Èkìtì.